Epo Ló Pa Wọ́n, Epo Náà Ló Gbé Mi Dé Ọ̀dọ̀ Wọn

Nígbà tí mo dé Detroit lọ́dún 1977, àwọn ọkọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí ti kásẹ̀ nílẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣì ń ṣe nínú irú wọn, orúkọ nìkan ló kù lára rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ra ti àtijọ́ ní tuntun ti gbéyàwó, wọ́n ti bímọ, ọkọ̀ kékeré tí kì í mu epo ni wọ́n ń wá kiri. Wọ́n á gbé ọkọ̀ ìgbà ọ̀dọ́ wọn síwájú ilé, wọ́n á lẹ bébà mọ́ gíláàsì rẹ̀, wọ́n á kọ iye tí wọ́n fẹ́ gbà sí i. Iye ọ̀hún máa ń kéré débi pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ lálaalẹ́ lè rí i san. Bí èmi ọmọ Ìbàdàn ṣe di ẹni tó ni Pontiac GTO ọdún 1968 nìyẹn, tí mo sì tún ní Plymouth Road Runner ọdún 1969 lẹ́yìn rẹ̀.

Muscle car ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀: mọ́tò tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi, tí wọ́n wá ki ẹ́ńjìnnì ńlá onísílíńdà mẹ́jọ bọ̀ níkùn, tí owó rẹ̀ kò sì kọjá agbára ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní fáktìrì.

Ohun kan náà ló pa àwọn ọkọ̀ yìí tó sì gbé mi dé ìlú tí wọ́n ti ṣe wọ́n. Ní oṣù October 1973, nígbà tí àwọn Árábù àti Ísírẹ́lì ń jagun, àwọn orílẹ̀-èdè Árábù tó ní epo kọ̀, wọn ò ta epo fún Amẹ́ríkà mọ́. Àgbá epo rọ̀bì kan tó ń lọ ní bíi dọ́là mẹ́ta kí ogun náà tó bẹ̀rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dọ́là 12 nígbà tí ọdún 1974 fi wọlé. Àwọn èèyàn ń tò sílé epo. Ààrẹ Nixon fọwọ́ sí òfin pé ọkọ̀ kankan ò gbọdọ̀ sáré ju máìlì 55 lọ ní wákàtí kan. Ọkọ̀ tó ń mu gálọ́ọ̀nù epo kan tán láàárín máìlì mẹ́wàá di ẹrù sọ́rùn ẹni tó ni ín.

Nàìjíríà ti wọ OPEC, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ta epo rọ̀bì, lọ́dún 1971, àmọ́ a kì í ṣe Árábù, a ò bá wọn ti ọjà pa. À ń ta epo tiwa lọ ní iye tuntun yẹn. Owó wọlé sí Èkó lọ́nà tí ẹnikẹ́ni ò rí irú rẹ̀ rí, owó yẹn ló sì bí Údòjí, àfikún owó oṣù tí ìjọba ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà tó nínú yín á rántí. Akọ̀wé ìjọba ni bàbá mi ní Sẹkiteríàtì ní Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n san àjẹsílẹ̀ owó Údòjí ní 1975, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ra fíríìjì, wọ́n ra ẹ̀rọ orin, wọ́n ra alùpùpù Honda. Bàbá mi gbé tiwọn lọ sí báńkì, wọ́n ń fi díẹ̀díẹ̀ kún un láti inú owó oṣù, wọn ò sì fọwọ́ kàn án títí tí ìwé ìgbaniwọlé mi fi dé láti Amẹ́ríkà. Náírà kan ju dọ́là kan lọ dáadáa nígbà yẹn. Owó epo ló ra tíkẹ́ẹ̀tì mi.

Ìtàn bí GTO ṣe dáyé wù mí títí dòní. Àwọn ọ̀gá General Motors, ilé iṣẹ́ tó ni Pontiac, ti pàṣẹ pé ọkọ̀ agbedeméjì kankan ò gbọdọ̀ gbé ẹ́ńjìnnì tó ju 330 cubic inch lọ, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí inú ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó. John DeLorean, olórí àwọn ẹnjiníà Pontiac, àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ka òfin náà dáadáa. Ọkọ̀ tuntun ni òfin yẹn dè. Kò de ohun àfikún tí oníbàárà bá sanwó lé owó Tempest LeMans rẹ̀, ọkọ̀ agbedeméjì Pontiac, láti gbà. Ni wọ́n bá kọ ẹ́ńjìnnì 389 sínú ìwé ohun àfikún ti ọdún 1964, wọ́n pè é ní GTO. 5,000 ni wọ́n rò pé àwọn máa tà. 32,450 ni wọ́n tà. Lẹ́yìn tí owó ti wọlé, ta ló máa wá bá wọn wí? Láìpẹ́, Chevrolet, Oldsmobile, Dodge, Plymouth àti Ford ti ń dú ọjà náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti bá ọ̀gá ńlá tàbí ìjọba ṣiṣẹ́ rí á mọyì irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀: kò rú òfin, kò sì jẹ́ kí òfin dí òun lọ́nà.

Mo ní epo ló pa wọ́n, àmọ́ àìsàn ti wà lára wọn kí epo tó gbówó lórí. Àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀: wọ́n fi owó kún owó fún ọ̀dọ́kùnrin tó bá ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, títí tí owó adójútòfò fi ń fún ọrùn ju owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ti ọdún 1970 tẹ̀ lé e. Láti 1971 ni General Motors ti dín ìfúnpọ̀ inú ẹ́ńjìnnì wọn kù kó lè lo epo tí òjé inú rẹ̀ kò pọ̀. Nígbà tó fi máa di 1974, ara Ventura, ọkọ̀ Pontiac kékeré kan, ni wọ́n gbé orúkọ GTO lé, pẹ̀lú agbára ẹṣin 200 péré. 7,058 ni wọ́n rí tà, wọ́n sì pa á tì.

Ẹ̀gbọ́n kan ará Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n ti wà ní Detroit ṣáájú mi, ló mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá aláwọ̀ dúdú kan tó ń tún ọkọ̀ ṣe nínú gáráàjì ẹ̀yìn ilé. Alabama ni wọ́n ti bí bàbá yìí; iṣẹ́ fáktìrì ló gbé wọn wá sí àríwá lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n sì ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nílé iṣẹ́ Pontiac kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Mo ń pè wọ́n ní Bàbá, àwọn náà ń pè mí ní ọmọ. Àwọn ló tẹ̀ lé mi lọ wo GTO náà nítòsí òpópónà Seven Mile. Wọ́n ní kí n má tíì wo àwọ̀ rẹ̀, kí n má sì tíì ní kí wọ́n ṣáná sí i kí n gbọ́ ohùn rẹ̀. Wọ́n tọ́ka sí pátákó irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan lábẹ́ gíláàsì iwájú. Nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ 242. Tí kò bá jẹ́ 242, Tempest tàbí LeMans tí ẹnì kan lẹ orúkọ GTO mọ́ ni. 242 ló wà níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbà kí n la bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Àwọ̀ ewé tó ṣú ni, Verdoro Green. Imú rẹ̀ kì í ṣe irin. Endura ni wọ́n ń pè é, ohun kan bíi rọ́bà líle tí wọ́n kùn pọ̀ mọ́ ara ọkọ̀ yòókù. Tí nǹkan bá kọlù ú díẹ̀, á wọnú, á sì tún padà sípò. Ọdún 1968 yẹn gan-an ló kọ́kọ́ dé, ó sì wà lára ohun tó mú kí ìwé ìròyìn Motor Trend fi GTO ṣe ọkọ̀ ọdún náà. Aago tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí kò sí nínú ọkọ̀ rárá, orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ló wà, níta gbangba, níwájú gíláàsì. Tí yìnyín bá já, èèyàn á kọ́kọ́ nu ojú rẹ̀ kó tó lè kà á. Lálẹ́, iná kékeré inú rẹ̀ á tàn, ojú mi ò sì ní kúrò lójú títì kí n tó mọ ohun tí ẹ́ńjìnnì ń ṣe. Ta ló ronú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Ẹ́ńjìnnì náà jẹ́ 400 cubic inch, ìyẹn bíi líta mẹ́fà ààbọ̀, agbára ẹṣin 350. Volkswagen ìjàpá tí bàbá mi ń gùn lọ síbi iṣẹ́ ní Ìbàdàn kò ju líta 1.3 lọ. Ẹ́ńjìnnì wọn márùn-ún ló wà nínú tèmi.

Mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí bàbá mi. Lẹ́tà tí wọ́n fi dá mi lóhùn wà lọ́wọ́ mi títí di òní. Wọ́n béèrè iye gálọ́ọ̀nù tó ń mu. Wọ́n béèrè bóyá mo ti san owó ilé ìwé. Lẹ́yìn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé alàgbà ni wọ́n nínú ìjọ, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ògún ò ní í fi ẹ̀jẹ̀ mi wẹ̀. Mo ṣe àmín sí i.

Ẹni tó bá ní irú ọkọ̀ yẹn ní Detroit, òpópónà Woodward ló máa gbé e lọ. Etí odò Detroit ni títì náà ti bẹ̀rẹ̀, ó gba àárín ìlú kọjá, ó kọjá Highland Park, Ferndale, Royal Oak àti Birmingham, títí ó fi dé ìlú Pontiac fúnra rẹ̀. Láàárín Six Mile àti Seven Mile lórí rẹ̀ ni wọ́n da kọnkéré sí ojú títì tó gùn tó máìlì kan lọ́dún 1909, kí ẹnikẹ́ni tó ṣe irú rẹ̀. Ní Highland Park, ó gba iwájú fáktìrì tí ilé iṣẹ́ Ford ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí ọkọ̀ máa rìn lọ bá òṣìṣẹ́ ní 1913, dípò kí òṣìṣẹ́ máa rìn lọ bá ọkọ̀. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn ọ̀dọ́ ń sáré níbẹ̀ láti iná dídúró kan sí èkejì, àwọn ẹnjiníà náà sì ń yọ́ gbé ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe wá síbẹ̀ lóru láti dán an wò. Nígbà tí mo dé, èrò ti dín kù, àmọ́ alẹ́ Friday àti Saturday kì í ṣófo.

Tí GTO bá dúró síbi iná, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ohùn rẹ̀ á máa dún nínú àyà mi bí ìgbà tí wọ́n bá ń lu gbẹ̀du nítòsí. Kábúrétọ̀ rẹ̀, ohun tó ń po afẹ́fẹ́ mọ́ epo, ní ihò mẹ́rin: kékeré méjì níwájú, ńlá méjì lẹ́yìn. Bí mo bá ń rìn jẹ́jẹ́, àwọn kékeré ló ń ṣiṣẹ́, àní èèyàn lè rò pé ọkọ̀ ìyá àgbà ni. Àmọ́ tí mo bá tẹná mọ́ ọn tẹ́sẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, àwọn ńlá á là, afẹ́fẹ́ á kù wọlé, iwájú ọkọ̀ á gbé sókè, ẹ̀yìn mi á lẹ̀ mọ́ àga. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tí gbogbo rẹ̀ fi ń parí, nítorí iná mìíràn wà níwájú. Mo ti wọ ọkọ̀ tó yá jù ú lọ láti ìgbà náà. Kò sí èyí tó jẹ́ kí n mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ: ọkọ̀ wọ̀nyẹn mọ eré sá, wọn ò mọ ìdúró. Bíréèkì onílù ló wà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, bí èèyàn bá sì tẹ̀ ẹ́ léraléra lórí eré, á gbóná, agbára rẹ̀ á sì rọ. Agbára ẹṣin 350 lórí táyà tẹ́ẹ́rẹ́ ìgbà náà, nínú òjò, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ṣeré. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa wọn kì í fẹ́ sọ èyí, ó sì yẹ kí wọ́n sọ ọ́, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ọlọ́mọ ló bá wọn lọ.

Ohun kejì tí wọn kì í fẹ́ sọ ni Eight Mile. Títì yẹn ni ààlà Detroit: aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù ní gúúsù rẹ̀, aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù ní àríwá. Woodward gba àárín ayé méjèèjì kọjá. Tí èmi àti GTO bá ti kọjá Eight Mile lálẹ́, ọkàn mi kì í balẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ìlú kan níbẹ̀ dá mi dúró léraléra láti bi mí níbi tí mo ti rí irú ọkọ̀ yẹn. Ẹ̀gbọ́n ará Ìjẹ̀bú ti kọ́ mi pé kí n fi ìwé ọkọ̀ há òkè, síbi tó ń dí oòrùn, kí ọwọ́ mi má baà ní ìdí tó fi máa wọ ibi tí ojú wọn ò tó. Ayọ̀ tí mo ní lórí títì yẹn, bó ṣe rí nìyẹn: ó wà, ó sì ní ààlà.

Inú gáráàjì Bàbá ni ìfẹ́ mi sí wọn ti fìdí múlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà ò fi nǹkan kan pa mọ́. Èèyàn lè dúró sínú ibi tí ẹ́ńjìnnì wà kó sì fọwọ́ kan pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ideri dísíríbútọ̀ rẹ̀, ohun tó ń pín iná fún àwọn pọ́lọ́ọ̀gì, ní fèrèsé irin kékeré kan. Ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́ lọ, wàá gbé fèrèsé náà sókè, wàá ki kọ́kọ́rọ́ oníhà mẹ́fà bọ̀ ọ́, wàá máa yí kọ́ńtáàtì díẹ̀díẹ̀. Mítà wà tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, 30 ló sì gbọ́dọ̀ kà. Bàbá ní kí n gbé mítà sílẹ̀. "Ọmọ, yí i títí ẹ́ńjìnnì á fi fẹ́ ta kọ́sẹ̀, kó o wá dá a padà ní ìlàjì." Wọ́n á ní kí n ṣe é, wọ́n á wá gbé mítà lé e lẹ́yìn náà kí n rí i. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo fẹ́ ṣiṣẹ́ ẹnjiníà. Kíláàsì kàn fún mi ní orúkọ àwọn ohun tí ọwọ́ mi ti mọ̀ ni.

Ìgbà òtútù ló gba GTO lọ́wọ́ mi. Ní Michigan, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ àti irin ò sì bára wọn gbé. Ìpẹtà bẹ̀rẹ̀ lókè táyà ẹ̀yìn, ó wọ ilẹ̀ búùtù, nígbà tó dé egungun ọkọ̀, Bàbá ní ó tó. Ẹnì kan rà á torí ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Road Runner ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí Plymouth gbé e jáde lọ́dún 1968, èrò wọn ni pé GTO àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń di ọkọ̀ olówó, kí àwọn ṣe èyí tí kò ní tó 3,000 dọ́là: ẹ́ńjìnnì 383, agbára ẹṣin 335, ọ̀ṣọ́ díẹ̀. 50,000 dọ́là ni wọ́n san fún Warner Bros. kí wọ́n lè lo orúkọ ẹyẹ asáré inú àwòrán ẹ̀fẹ̀, wọ́n sì ṣe fèrè ọkọ̀ náà kó máa ké bíi tirẹ̀: bíìp bíìp. Èyí tí wọ́n tà lọ́dún àkọ́kọ́ ju 40,000 lọ, ti ọdún kejì ju 80,000 lọ, Motor Trend sì fi ṣe ọkọ̀ ọdún 1969. Fáktìrì Lynch Road, ní Detroit níbẹ̀, ni wọ́n ti ṣe tèmi.

Ọkọ̀ àríyá wa ni. Àga gbọọrọ tó wà níwájú gba èèyàn mẹ́ta láìfúnra. Bí ìkómọ tàbí ìgbéyàwó bá wà ní Chicago, agbádá á wà ní búùtù, ìyàwó ẹ̀gbọ́n á ti wé gèlè láti ilé, gíláàsì ò sì gbọdọ̀ wálẹ̀ láti Detroit débẹ̀, bíi máìlì 280. A ti so ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì mọ́ abẹ́ rédíò, jùjú ń lọ. Agbára ẹṣin 335, à ń rọra rìn ní máìlì 55 nítorí òfin. Tí a bá dé àdúgbò, mo máa fun fèrè, àwọn ọmọdé á tú jáde, Yorùbá, aláwọ̀ dúdú ibẹ̀, gbogbo wọn, wọ́n á ní kí n tún un fun.

Oṣù January 1980 ni Chrysler, ilé iṣẹ́ tó ni Plymouth, ti Dodge Main pa, fáktìrì ńlá ọ̀hún ní Hamtramck. Lynch Road náà tẹ̀ lé e ní 1981. Àwọn tó fọwọ́ ara wọn to irú ọkọ̀ mi ń wá sí gáráàjì Bàbá lọ́sàn-án gangan, torí kò síbi iṣẹ́ tí wọ́n ń lọ mọ́. Wọ́n á jókòó, wọ́n á wò wá bí a ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn fi ìka tẹ ibi tí ilẹ̀kùn Road Runner ti pàdé ara ọkọ̀, ó ní bí àlàfo yẹn ṣe dọ́gba, ó dá òun lójú pé ẹni tó ṣe é ò mutí lọ́jọ́ náà.

Epo wá yí padà sí wa. Láti 1981 ni ọjà rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀, nígbà tó sì di oṣù April 1982, Ààrẹ Shagari gbé òfin ìṣúnná owó jáde. Owó ilẹ̀ òkèèrè di ohun tí èèyàn ń tọrọ fọ́ọ̀mù sí. Èyí tí bàbá mi ń fi ránṣẹ́ dúró. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà káàkiri Amẹ́ríkà ló há sáàárín ọ̀nà, owó ilé ìwé kò sí, owó ilé kò sí. Mo ti ń ronú tẹ́lẹ̀ láti kó Road Runner lọ sílé. Apá ọ̀tún la ti ń wakọ̀ ní Nàìjíríà láti oṣù April 1972, sítíárìn rẹ̀ ì bá sì bá ọ̀nà mu. Dípò ìyẹn, òun ló san owó ilé ìwé mi tó kẹ́yìn. Ọ̀dọ́ tó rà á ka owó náà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo sì kó o lọ sílé ìwé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Láti 1995, oṣù August ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ àtijọ́ máa ń tú sórí Woodward fún ohun tí wọ́n ń pè ní Dream Cruise. Mo máa ń lọ tí àyè bá gbà mí. General Motors kéde lọ́dún 2009 pé àwọn máa pa orúkọ Pontiac rẹ́, ó sì dùn mí, àmọ́ irin ò mọ̀ pé wọ́n ti pa òun rẹ́.

Ọmọ àbúrò mi tó ń gbé ní Houston, tí wọ́n bí síbẹ̀, pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti rí GTO ọdún 1968 kan tí kò kúrò ní Texas rí. "Bàbá, ẹ ẹ̀ ní bá mi lọ wò ó?" Mo bi í pé kí ni nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́. Ó ti wò ó kó tó pè mí. Mo ní kó kọ̀wé sí Pontiac Historic Services kí wọ́n fún un ní ẹ̀dà ìwé tí ilé iṣẹ́ fi gbé ọkọ̀ náà fún ẹni tó kọ́kọ́ tà á, kó mú tọ́ọ̀ṣì àti òòfà dání, kó fi òòfà náà kan òkè táyà ẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì: ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, àmọ̀ tí wọ́n fi dí ihò ló wà níbẹ̀. Kó ká kápẹ́ẹ̀tì búùtù kúrò, kó fọwọ́ kan ilẹ̀ rẹ̀. Owó àkọ́kọ́ tó bá sì máa ná lé e lórí, kó jẹ́ bíréèkì díìsìkì fún ẹsẹ̀ iwájú, kó tó rò ó láti kùn ún. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ Saturday ni ẹni tó ni ín máa gbé e jáde fún wa, mo sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì.